Àgbò Orí WhatsApp

Àgbò tí ọkọ mi rà fún Iléyá kò tóbi, àmọ́ ó yẹ fún ọdún. Àwọn àáfà ti sọ ọ́ tipẹ́: afọ́jú, arọ, aláìsàn àti èyí tó rù kan eegun ni kò ṣeé pa. Wọn ò ní kó ga tó màlúù.

Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ ọkọ mi, Bàbá Ìbejì, létí. Ẹnìkan nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, gbé àwòrán àgbò tirẹ̀ sórí WhatsApp, ni oúnjẹ ò bá lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́. "Kí ni ẹni yẹn fi jù mí? Èmi gan-an ni irú àgbò yẹn tọ́ sí!"

Kò pẹ́ ni mo rí i lẹ́yìnkùlé, ó di ìwo àgbò lánlọ́ọ̀dù wa mú, léèsì lókè, ṣòkòtò péńpé tó fi ń sùn nísàlẹ̀, torí àyà ni àwòrán máa mọ. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Alihamudulilahi, ti ọdún yìí rèé."

Ọjọ́ ọdún pé. Kí n tó pín ẹran sọ́nà mẹ́ta, ti ilé, ti ẹbí òun ọ̀rẹ́, ti aláìní, pálọ̀ ti kún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbé kúlà dé láti Ṣàgámù, kúlà téèyàn lè wẹ ọmọ nínú rẹ̀. Ti Àgọ́-Ìwòyè ní itan lòun bá wá, kí wọ́n má fi egungun lọ òun. Télọ̀ tó rán agbádá tí ọkọ mi fẹ́ wọ̀ lọ Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta ọdún náà yọjú: "Ẹni tó ra irú àgbò yẹn ò tún lè ní kí n ṣe sùúrù owó mi o."

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìkòkò, ó tẹ orí wò ó. "Ìyàwó, ibo lo kó ìyókù sí? Àbí o ti fi ránṣẹ́ sí ìyá ẹ n'Ìjẹ̀bú-Igbó?" Èmi tí mi ò tíì fẹnu kan ẹ̀dọ̀! Mo wo ọkọ mi. Àjà ló ń wò.

Àfi "mẹ̀ẹ̀ẹ̀" lẹ́yìnkùlé. Lánlọ́ọ̀dù ò tíì pa tirẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Kí n tó débẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti tú okùn, ó ní òun á wọ́ ọ délé. Àgbò ló wá ń wọ́ ọ kiri, kúlà ń yí gbirigbiri. Lánlọ́ọ̀dù sáré jáde tòun ti ọṣẹ lójú: "Ìyá, ẹ dákun, ẹran mi nìyẹn!"

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Ìbejì. Ó ní: "Ti ọdún yìí ni mo kọ. Ta ló rí tèmi níbẹ̀?"

Télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ká téèpù rẹ̀ sápò. "Kò burú, Alájì. Màá fi àwòrán agbádá yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ẹ wọ̀ ọ́ lọ Ojúde Ọba."