Ta Ló Gbẹ́ Ẹ? Àyẹ̀wò Ọdún 2025 Mi Láti Kétu

Lọ́dún yìí, mo fi kọ̀ǹpútà ṣe àpáta. Mo ṣe fèrèsé, mo ṣe ọkọ̀ ojú omi tó ti dojú dé, ìkòkò oríṣiríṣi, àtẹ̀gùn olókùúta, àti ògiri tí iná ti jó débi àjà. Gbogbo wọn ló wọ inú géèmù tí àwọn ẹlòmíràn ni ín. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà yóò sáré gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, yóò lúgọ sẹ́yìn wọn bí ọ̀tá bá ń yìnbọn, kò sì ní bi ara rẹ̀ pé ọwọ́ ta ló ṣe wọ́n. Ìyẹn kò dùn mí. Àpáta tó dáa nínú géèmù, ojú kì í dúró lórí rẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni pé nígbà tí géèmù bá parí, tí orúkọ àwọn tó ṣe é bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lójú ẹ̀rọ, orúkọ akọ̀wé wà níbẹ̀, ti agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ti ọmọ tuntun tí òṣìṣẹ́ wọn bí lásìkò iṣẹ́ náà pàápàá wà níbẹ̀, tèmi kò sí.

Owó ńkọ́? Iná ńkọ́? Màá débẹ̀. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ, torí òun ló gbà mí lọ́kàn jù ní 2025.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: ọmọbìnrin Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni mí, ilé bàbá mi kò jìnnà sí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnu ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn baba ńlá wa fi ń ṣọ́ ìlú. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà ṣe ohun tí ojú ń rí nínú géèmù: ilé, igi, irinṣẹ́, aṣọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá kì í fúnra wọn ṣe gbogbo rẹ̀ mọ́. Wọ́n ń há a fún àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ní Ṣáínà, ní Màléṣíà, ní Íńdíà; àwọn yẹn náà sì lè tún há lára rẹ̀ fún àwọn tó kéré sí wọn. Ìpẹ̀kun okùn yẹn ni mo wà. Alágbàtà kan ní Yúróòpù ló ń gbé iṣẹ́ fún mi, ìwé àdéhùn rẹ̀ sì sọ pé n kò gbọdọ̀ dárúkọ géèmù náà, n kò gbọdọ̀ fi àwòrán rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Màmá mi kò tíì fojú kan ọ̀kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ tí mo ń fi owó rẹ̀ ra oògùn fún wọn.

Ìjà orúkọ kì í ṣe tuntun nínú iṣẹ́ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé iṣẹ́ Atari kì í kọ orúkọ ẹni tó ṣe géèmù sórí géèmù. Warren Robinett, tó ṣe Adventure fún wọn, dọ́gbọ́n kọ́ yàrá kan sínú rẹ̀ láìsọ fún ọ̀gá kankan. Ẹni tó bá wá ọ̀nà débẹ̀ yóò bá orúkọ rẹ̀ gàdàgbà pé òun ló ṣe é. Ní 1979, àwọn mẹ́rin mìíràn tí wọ́n ń kọ géèmù níbẹ̀ fi Atari sílẹ̀, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ orúkọ wà lára ohun tó lé wọn jáde. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n wá dá sílẹ̀ ni Activision. Activision yìí náà ni Microsoft wá san nǹkan bí bílíọ̀nù 69 dọ́là lé lórí ní oṣù Ọ̀wàrà 2023. Ẹ wo ibi tí “ẹ kọ orúkọ wa” bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ibi tó dé.

Lóṣù Ọ̀pẹ yìí, Clair Obscur: Expedition 33, tí ilé iṣẹ́ Sandfall ní Montpellier ṣe, gba àmì ẹ̀yẹ géèmù ọdún ní The Game Awards. Inú mi dùn. Ẹwà géèmù náà mú omi jáde lójú mi. Ṣùgbọ́n ìròyìn tó gbalẹ̀ kan ni pé nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn péré ló ṣe é. Ẹni tó bá jókòó ka orúkọ ìparí rẹ̀ yóò bá àwọn mìíràn níbẹ̀: àwọn ará Kòríà tí wọ́n bá wọn ṣe bí àwọn akọni ṣe ń rìn àti bí wọ́n ṣe ń jà, àwọn olórin, àwọn tó ń wá àṣìṣe inú géèmù. Orúkọ wọn wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ròyìn ni kò kà á délẹ̀. Ọwọ́ tó wà níta ni ọwọ́ tèmi náà, ìdí nìyẹn tí ìròyìn “ọgbọ̀n ènìyàn” fi ń gún mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sílé. Ẹ wo àwòrán àwọn ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n kó lọ sí àwọn ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lókè òkun. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ère ni “Yorùbá”, lẹ́yìn náà wọ́n kọ ọ̀rúndún. Bí ẹni pé gbogbo Yorùbá ló pawọ́ pọ̀ di ọ̀bẹ mú. Bẹ́ẹ̀, ní Kétu àti àwọn ìletò tó yí i ká, wọ́n ń mọ ọwọ́ agbẹ́gilére bí a ṣe ń mọ ohùn ẹni nínú òkùnkùn. William Bascom, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, jókòó ti Dúgà ará Ìmẹ̀kọ, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀. Fágbìtẹ́ Àsàmú ará Ìdáhìn àti ọmọ rẹ̀ Fálọlá Ẹdun náà ti ní orúkọ lára orí tí wọ́n gbẹ́, torí pé àwọn olùwádìí wá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ wọ́n. Wọ́n béèrè ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ta ló gbẹ́ ẹ?

Ní oṣù Èbìbí, oníbàárà kan láti ìta ní kí n bá òun kó “ìbòjú ilẹ̀ Áfíríkà” jọ sínú géèmù fóònù kan, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì wà nínú ohun tó kà sílẹ̀. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ. Mo lọ bá wọn. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n sì mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyálàṣẹ̀, ìyá tó jẹ́ olórí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, torí pé ilé àwọn ìyá ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin tó ń jó o kò lè fàṣẹ sí i. Ìdáhùn Ìyálàṣẹ̀ kò gùn. Orí tó bá ti wọ agbo ijó, wọ́n ní kí n má ya àwòrán rẹ̀ fún títà. Ṣùgbọ́n Bàbá lè gbẹ́ tuntun fún mi, èyí tí kò tíì wọ agbo, kí n sì máa sọ ọwọ́ ẹni tó ti wá níbikíbi tó bá dé. Mo wólẹ̀, mo dúpẹ́.

Ìjókòó tí mo jókòó ti Bàbá lásìkò yẹn ni ohun tó dára jù nínú ọdún mi. Ọnà lílé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: àáké ni wọ́n fi gé igi náà títí a fi mọ ibi tí ojú yóò wà àti ibi tí ẹrù orí yóò wà, kò ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà ni àlétúnlé, tí imú, ètè àti ipenpejú wá yọ bíi kókó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni dídán. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín ni fínfín, tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣínṣín fín irun àti ilà. Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbẹ́ nǹkan nínú Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe ère, mọ̀ pé bí iṣẹ́ wa ṣe ń tẹ̀ léra nìyí gẹ́lẹ́, ẹni tó bá sì fo ìpele kan yóò padà wá bá a níwájú. Lórí orí náà Bàbá gbé obìnrin kan jókòó tó ń ta epo kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù, nínú ìgò, èyí tí gbogbo wa ń rà létí títì. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń gbé ohun tí ojú ìlú ń rí sórí.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹrẹ̀kẹ́ fi tóbi tó bẹ́ẹ̀, tí ojú fi yọ síta. Wọ́n ní ẹni tó dúró lẹ́yìn pátápátá, tí eruku ti bo agbo, gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń jó bọ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wálé. Nínú géèmù fóònù, ohun tí mo ṣe kì í ju èékánná lọ lójú ẹ̀rọ. Ọ̀nà tí a fi ń dán an wò ni pé a ó kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú: bí o bá ṣì mọ ohun tó jẹ́ láti ibi ìlà ara rẹ̀ nìkan, ó dára. Orí tí Bàbá gbẹ́, mo kùn ún ní dúdú, mo sọ ọ́ di kékeré, ó ṣì jẹ́ ara rẹ̀, ìgò epo ṣì jẹ́ ìgò epo.

A ya fọ́tò rẹ̀ yíká kí Bàbá tó kùn ún, torí pé ọ̀dà tó ń dán máa ń da ètò tó ń sọ fọ́tò di ère rú: ìtànṣán ń yí bí ẹ̀rọ ayàwòrán ṣe ń yí. Ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, òjìji kò le. Ohun tó jáde ní onígun mẹ́ta, ìyẹn ègé kéékèèké tí kọ̀ǹpútà fi ń to ère, tó pọ̀ ju ohun tí fóònù lè gbé. Fóònù tó ń yí àwòrán ní ọgbọ̀n ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní ju nǹkan bí 33 mílísẹ́kọ́ńdì fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ géèmù yóò sì ti parí. Torí náà, mo tún un ṣe ní fífúyẹ́, mo wá tẹ ojú ọ̀bẹ Bàbá sínú texture rẹ̀, àwòrán tó ń bo ara ère, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa gbá a mú. Bàbá jókòó tì mí nígbà tí mo ń kùn ún. “Aró ni, kì í ṣe dúdú,” ni wọ́n ń wí. “Tún un wò.”

Oníbàárà náà fẹ́ kí n lu ihò sí ojú rẹ̀ kí ẹni inú géèmù lè gbé e bojú. Mo kọ̀. Orí ni wọ́n ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lé, aṣọ ló ń bo ojú ẹni tó gbé e. A jiyàn títí wọ́n fi gbà. Orúkọ Bàbá wà nínú fáìlì, ó wà nínú ìwé àdéhùn, yóò sì wà nínú géèmù. N kò tíì lè kọ ọ́ síbí títí géèmù náà yóò fi jáde. Láti 2001 ni UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún gbogbo ayé, orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò ló sì wà lára rẹ̀. Orúkọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta dára. Ti Bàbá ni mo fẹ́ kún un.

Ó wá ku owó. Dọ́là ni wọ́n fi ń san tèmi. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, dọ́là kan lé ní 630 CFA. Ní ìparí ọdún 2025, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 560. Yúrò ni CFA so mọ́, 655.957 fún yúrò kan, kì í yẹ̀, dọ́là ló rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ kan náà, owó ọjà tó dín. Láti Ṣẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, yúrò ni n ó máa béèrè, mo sì gba gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ará òkèèrè láti Benin níyànjú pé kó ṣe bẹ́ẹ̀. Iná ń lọ, ó ń bọ̀. Sólà ló gbà mí.

Iṣẹ́ náà pàápàá gbẹ láàárín ọdún. Ní oṣù Agẹmọ, Microsoft ní kí nǹkan bí 9,000 òṣìṣẹ́ máa lọ, àwọn tó ń ṣe géèmù sì wà lára wọn. Àánú wọn ṣe mí gidigidi. Nígbà tí oníṣẹ́ ọnà tó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bá ń wá iṣẹ́ kiri, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun okùn yóò mọ̀ ọ́n lára. Ẹnì kan tún fi àwòrán tí AI yà ránṣẹ́ pé kí n “tún un ṣe díẹ̀” ní owó kékeré. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà nínú rẹ̀, tòun ti ihò ojú. N kò gbà á. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2024, Steam, ọjà géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti ní kí ẹni tó bá lo AI nínú géèmù sọ ọ́ fún àwọn olùrà, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ohun tó ń bí mi nínú ju ìyẹn lọ. Bí mo bá béèrè pé ta ló gbẹ́ ẹ, kò sẹ́ni tí yóò dáhùn.

Ní ọ̀sán Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ ń wá kọ́ Blender nílé mi. Ọ̀fẹ́ ni Blender, òun náà ni wọ́n fi ṣe fíìmù kan láti Latvia tó gba Oscar ní oṣù Ẹrẹ́nà, mo sì fi ìròyìn náà hàn wọ́n torí pé wọ́n rò pé ohun ọ̀fẹ́ kò lè débẹ̀. Bàbá yà wá wò lọ́jọ́ kan. Ọmọkùnrin kan ń ṣe ìlẹ̀kùn Àkábà Ìdẹ̀nà, ó ti ń ya ìlà ara igi sí i, nígbà tí ògiri kò tíì dúró. Bàbá wò ó pẹ́. “Ìwọ ọmọ yìí, o ò tíì lé e tán, o ti ń fín in.” Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri.

Ìlẹ̀kùn yẹn ni ìbẹ̀rẹ̀ géèmù tiwa, tí a ń ṣe pẹ̀lú Godot, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ́ géèmù: Kétu kí ogun Dàhọ̀mì tó fọ́ ọ ní 1886, pẹ̀lú odi, yàrà, ọjà àti agbo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rẹ̀. Ó ṣì kéré. Ojú ewé orúkọ ni a kọ́kọ́ ṣe nínú rẹ̀, kí àwòrán kankan tó wọlé.

Ní ti alágbàtà mi, mo kọ̀wé sí i lóṣù yìí pé n kò ní fọwọ́ sí àdéhùn tuntun bí kò bá sí ibi tí wọ́n ti ní orúkọ mi yóò hàn. Ó dáhùn pé orúkọ ilé iṣẹ́ òun ni wọn yóò kọ, ó tó fún gbogbo wa. Mo ní kò tó. Ó ti pẹ́ tí IGDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe géèmù, ti ń tọ́ka sí i pé gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan iṣẹ́ ló yẹ kí orúkọ wọn wọlé, mo sì fi ìtọ́sọ́nà wọn ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá kọ̀, n ó wá iṣẹ́ ibòmíràn ní Ṣẹ́rẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ ilé iṣẹ́ tó ń kọ orúkọ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ láti ìta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.