Ẹ Má Yára Rán An: Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Iṣẹ́ Abẹ Nínú Ológun

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi nílé ní Tánkẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti parí housejob, iṣẹ́ ọdún kan tí dókítà tuntun máa ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ó sì ti sìnrú ìlú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Dókítà, mo fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ṣọ́jà." Ìyá rẹ̀ ló ní kó wá, èrò ìyá rẹ̀ sì ni pé màá kọ̀ fún un. Mi ò kọ̀. Mo jókòó, mo sọ tẹnu mi, mo sì ń kọ ọ́ síbí nítorí mo mọ̀ pé àwọn dókítà kékeré mìíràn wà ní Ìlọrin tí wọ́n ń ro irú rẹ̀.

Ọ̀nà Direct Short Service, èyí tí ológun fi ń gba àwọn tó ti kàwé iṣẹ́ wọn tán, ni mo gbà wọlé. Dókítà kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn oṣù tí a fi sáré, tí a fi rákò nínú oòrùn Kàdúná, Captain ni wọ́n fi mí ṣe. Ṣùgbọ́n ìràwọ̀ èjìká kò sọ ẹnikẹ́ni di oníṣẹ́ abẹ. Ẹ̀kọ́ ìyẹn gba ọ̀pọ̀ ọdún mìíràn, ìdánwò West African College of Surgeons tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ní UITH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ń ṣe náà lẹ ó ṣe, wọ́n sì lè gbé yín lọ sójú ogun nígbà tí ìwé ṣì wà ní ṣíṣí lórí tábìlì.

Ìlọrin, ìlú tí wọ́n ní wọ́n sọ lórúkọ òkúta tí wọ́n ń lọ irin lórí rẹ̀, ni wọ́n bí mi sí. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà nígbà èwe mi pé irin tó mú, ọwọ́ tó yá, òun ni iṣẹ́ abẹ.

Ọta ìbọn kì í dá wọlé. Ihò tó gbà wọ ara lè má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, ṣùgbọ́n eré tó bá wá á ti ẹran inú sọ́tùn-ún sósì, á fọ́ ọ, á sì wọ́ ègé aṣọ, iyanrìn àti ìdọ̀tí tẹ̀lé ara rẹ̀. Nítorí náà la ṣe ń la ojú ọgbẹ́ náà fẹ̀, tí a ń gé gbogbo ẹran tó ti kú dànù. A ó wo àwọ̀ rẹ̀, a ó fi ẹ̀mú já a wò bóyá ó máa sún kì, a ó gé e wò bóyá ó máa ṣẹ̀jẹ̀. Èyí tí kò sún kì, tí kò ṣẹ̀jẹ̀, kò ní í jí mọ́. A ó fọ̀ ọ́ dáadáa, a ó fi gọ́ọ̀sì bò ó, a ó sì fi í sílẹ̀ láìrán. Ó di ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún ká tó padà wò ó. Bó bá mọ́, a ó wá rán an.

Mo mọ gbogbo èyí lórí kí n tó dé ojú ogun ní ìlà-oòrùn àríwá. Mo sì rán ọgbẹ́ kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní.

Ọmọ Ọ̀fà ni, Lance Corporal. Ọta wọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Wọ́n ti gbé èèyàn mọ́kànlá wá lálẹ́ ọjọ́ náà, oorun kò sì tíì kan ojú mi láti àná. Bó ṣe gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ó di ọwọ́ mi mú. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán an pa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìkómọ mi. Mi ò fẹ́ kí ìyá ọmọ rí inú ẹsẹ̀ mi báyìí." Ọ̀gá kan sì ń dúró lé mi lórí pé kí n tètè tú bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ọgbẹ́ náà mọ́ lójú mi. Mo rán an, ó sì dùn ún wò.

Lọ́jọ́ kẹta, òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Ẹsẹ̀ ti wú, ó ń dán, àwọ̀ rẹ̀ ti dà bí idẹ. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó ń ró lábẹ́ awọ bí ewé gbígbẹ. Kòkòrò tó ń ṣe èyí kì í fẹ́ afẹ́fẹ́. Ibi tí a bá dí pa ló ti ń rí ilé gbé. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú kọ́ ilé náà fún un. Ọmọkùnrin náà yè, ṣùgbọ́n òkè orúnkún la ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ẹ̀bẹ̀ ló máa dán an wò jù, ẹ̀bẹ̀ àti ipò. Larrey, oníṣẹ́ abẹ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon ní Faransé, ti là á sílẹ̀ pé bí ọgbẹ́ bá ṣe burú tó ni ká fi tò wọ́n, ká má wo ipò. Ó rọrùn kà nínú ìwé. Ẹ wá jẹ́ Captain, kí Colonel tí ìka rẹ̀ ya máa pè yín, kí ṣọ́jà kékeré kan sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ikùn rẹ̀ ti le bí pákó. Ẹni tó ń pariwo ṣì ní èémí tó fi ń pariwo. Ẹni tó dákẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sáré bá.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, mo rò pé èmi àti ọta ti parí. Mò ń bá ilé ìwòsàn kékeré kan ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ nígboro. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọlọ́kadà kan wá tí adigunjalè yìnbọn fún. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ní kí àwọn tó gbé e wá lọ gba ìwé ọlọ́pàá wá. Láti 2017 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ilé ìwòsàn gbogbo, ti ìjọba àti ti aládàáni, gbọ́dọ̀ tọ́jú ẹni tí ìbọn bà, ì báà ní ìwé ọlọ́pàá, ì báà má ní, ì báà sanwó sílẹ̀, ì báà má san. Ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ ni yóò fi tó ọlọ́pàá létí láàárín wákàtí méjì tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí nọ́ọ̀sì òru ti lè rí i. Ẹ sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ẹ sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ní ti ilé, ìyàwó mi ń kọ́ni ní Ìlọrin ní gbogbo ọdún tí mo fi ń rìn kiri, òun nìkan ló tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ìkómọ àbíkẹ́yìn wa, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ àdúrà Àáfà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó pe orúkọ ọmọ. Mi ò ní ohun tí mo lè sọ tí yóò mú ìyẹn fúyẹ́. Títí dòní, bí àwọn ọmọ bá ń yin bàǹgà nígbà Iléyá, inú yàrá ni mo máa ń wà. Mo ti ń rí dókítà lórí rẹ̀, kò sì tì mí lójú.

Bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn, mo wá ọmọkùnrin náà lọ sí Ọ̀fà. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe, ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó jáde nígbà náà ló gbé àga wá fún mi. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá má lọ ká ní mi ò rán an. Ó dákẹ́ títí. Ó ní, "Dókítà, ṣebí èmi ni mo bẹ̀ yín." Mo ní ọwọ́ mi ni abẹ́rẹ́ wà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní òun ṣì fẹ́ gba fọ́ọ̀mù náà. Mo ní ó dáa. Lọ́jọ́ Sátidé, a jọ ń lọ sí Ọ̀fà. Mo ti pe ọmọkùnrin náà, ó ní kó máa bọ̀, òun á jẹ́ kó fọwọ́ kan ibi tí a gé.