A gbọ́ ohùn ìyá, a gbọ́ ohùn ọmọ

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá ìjọ, mo dúró lórí ẹsẹ̀ ara mi, mo gbé ọmọ mi dání. Ọpẹ́ ni mo wá dú.

Ẹ mọ bí a ṣe gbàdúrà tó pé kí n bí wẹ́rẹ́ bí àwọn obìnrin Hébérù. Ṣùgbọ́n ìdí lọmọ fi kọjú sí ọ̀nà, dókítà sì ní iṣẹ́ abẹ ló kù. Mo sunkún gan-an. Mi ò mọ̀ pé ọ̀nà tí Ọlọ́run fẹ́ gbà yọ wá nìyẹn.

Àwọn kan rò pé ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kò rọbí. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tí agbára abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi lẹ́yìn tán, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n dáná sí mi níkùn. Bí mo bá húkọ́, omijé á bọ́. Nọ́ọ̀sì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà ló gbọ́ ìró mi, ó ní kí n máa fi ọwọ́ di ojú abẹ mú kí n tó húkọ́. Ó kọ́ mi pé kí n má dìde gbọnrangandan: kí n kọ́kọ́ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí n sọ ẹsẹ̀ sílẹ̀, kí n wá fi ọwọ́ ti ara mi dìde. Ó ní kí n má dúró kí ìrora gorí kí n tó lo oògùn: paracetamol 2 ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju 8 lọ láàárọ̀ sí àárọ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó fà mí lọ́wọ́ rìn dé ojú fèrèsé. Ọlọ́run á gbọ́ tirẹ̀ níbikíbi tó bá wà.

Ọjọ́ kejì ìkómọjáde ni ogun dé. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ń fúyẹ́, tó ti ń ṣá, tún pọ́n padà. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n fẹ́ràn mi bí ọmọ inú wọn, ní ẹ̀jẹ̀ ìdọ̀tí ni, kó máa jáde. Wọ́n ti gbé omi kaná kí wọ́n lè fi tẹ̀ mí níkùn. Màmá nọ́ọ̀sì àdúgbò wa, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, yà wá kí ọmọ. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi rí ojú mi.

“Ìyá ìkókó, páàdì mélòó lo ti pààrọ̀?”

“Méjì, mà.”

“Láti àárọ̀?”

“Rárá, mà. Láti ìgbà tí wọ́n ti pe ìrun Alásárì.” Kò tíì tó wákàtí méjì. Ẹ̀jẹ̀ dídì kan sì ti bọ́, tó ju ẹyin adìẹ lọ.

Wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n pa iná náà fúnra wọn. Wọ́n ní, “Ẹ̀jẹ̀ ìbímọ lè wá títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ò ní bẹ̀rù ẹ. Èyí tó bá kún páàdì ní wákàtí kan, ilé ìwòsàn ni. Ẹ wá mọ́tò!”

Àjẹkù ibi ọmọ ló wà nínú ilé ọmọ, kòkòrò sì ti wọ̀ ọ́. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tó ń mú ilé ọmọ sún kì, wọ́n kó ìyókù jáde, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ páìǹtì 3 sí mi lára. Ọkọ mi fa ọ̀kan, àbúrò rẹ̀ fa ọ̀kan. Ẹni tó fa ẹ̀kẹta wà láàárín àwọn akọrin wa níbẹ̀ yẹn, ó bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ òun. Ẹ̀jẹ̀ rẹ ń ṣàn lára mi, arákùnrin mi. Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́.

Ìyá ọkọ mi ló ra aṣọ ọpẹ́ tí mo wọ̀ yìí. Ẹ dìde, mà. Màmá nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ síwájú, ẹ gba ọmọ yìí lọ́wọ́ mi, kí n ráyè jó.