Àáké kékeré: mo fọ́ irin kí n lè rí inú rẹ̀

Sátidé. Irin abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù tí mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta àlòkù irin ní Kétu ti di ègé méjì. Àáké ni mo fẹ́ rọ, àmọ́ kí n tó fi èédú ṣòfò, mo fẹ́ mọ ohun tí iná ń ṣe sí hóró inú rẹ̀. Torí hóró wẹ́wẹ́ ló so pọ̀ di irin, ààlà sì wà láàárín wọn.

Ègé àkọ́kọ́, mo mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ nínú iná títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n di yẹ́lò, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ìkejì, ìgbà tí mágínẹ́ẹ̀tì ò gbé e mọ́ (nǹkan bí 770°C) ni mo fi ooru díẹ̀ kún un, mo yọ ọ́ kó tutù nínú afẹ́fẹ́, mo tún un ṣe léraléra. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì wọ òróró ní gbígbóná kí wọ́n lè le, mo sì rọra yá wọn níná kí líle wọn rọ̀ díẹ̀.

Sọ́ńdè. Bàbá àgbẹ̀dẹ tó yá mi ní ẹwìrì ní, "Ìwọ ọmọ yìí, irin tó dáa lo fẹ́ fọ́?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, inú rẹ̀ la fẹ́ wò."

Òòlù kan, ègé àkọ́kọ́ ṣẹ́ pọ́ńkán. Inú rẹ̀ ń dán wínníwínní, hóró rẹ̀ rí bí gàrí tí wọn ò tíì jọ̀. Ìkejì ta òòlù padà, ó tẹ̀, ó wá ṣẹ́ nígbà tó rí i pé mi ò ní fi í sílẹ̀. Eérú ni àwọ̀ inú rẹ̀, kò dán, ìka ò sì mọ hóró kankan. Bàbá gbé e sójú oòrùn, ó yí i síwá sẹ́yìn, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, E. O. Hall ní 1951 àti N. J. Petch ní 1953, ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀: bí hóró bá kéré dé ìdá kan nínú mẹ́rin, apá tí ó ń fi kún agbára irin di ìlọ́po méjì. Ààlà àárín hóró ló ń dí àwọn àbùkù wẹ́wẹ́ tó ń yọ̀ gba inú irin kọjá lọ́nà. Bí irin bá sì fẹ́ là, ẹ̀là náà kì í lè sáré tààrà.

Ẹ má wá rò pé hóró kékeré lọba níbi gbogbo o. Bí bọ́ǹbù bá kọlu irin, ìgbì yóò la inú rẹ̀ kọjá, ó ju kìlómítà 5 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá dé ẹ̀yìn irin, ó ṣẹ́rí padà, ó ń fà á ya láti inú, àwọn ihò wẹ́wẹ́ sì lè bẹ̀rẹ̀ ní ojú ààlà yẹn gan-an. Ààlà tó ń gbà wá lọ́wọ́ òòlù, òun náà ni ibi tí ìfàya bọ́ǹbù ti lè wọlé. Igi ni àáké tèmi ń bá jà, mi ò ní bọ́ǹbù.

Mo ti rọ orí àáké náà tán. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni màá mú le. Ibi ihò tí igi yóò wọ̀, màá fi sílẹ̀ ní rírọ̀.