Ta Ni Ń Lé Wa?

Orúnkún mi ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́ fi oògùn pa á. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Alága, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ wa, ti mọ̀ pé kò sí bí irú nǹkan báyìí ṣe lè ṣẹlẹ̀ sí mi kí ọwọ́ rẹ̀ má sí níbẹ̀, nítorí náà n kò ní í fi àlàyé nípa rẹ̀ gba àkókò yín. Kí ẹ ṣáà ti mọ̀ pé nígbà tí nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, tí ó rí i pé ó ti kọjá 140 lórí 90, ìrìn ni arábìnrin náà ní kí n máa rìn: ìrìn kíákíá, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ó lè pé ìṣẹ́jú 150 tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kò yẹ kí àgbàlagbà ṣe dín. Ó tilẹ̀ kọ́ mi bí n ó ṣe mọ̀ pé ó tó: bí mo bá ń rìn tí mo lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí n kò lè kọrin, ó ti tó bẹ́ẹ̀. Alága ni ó ní kí n fi ìrìn sílẹ̀ fún àwọn arúgbó. Ó ní eré ni kí n máa sá, nítorí pé ìṣẹ́jú 75 eré líle ni wọ́n kà sí ìṣẹ́jú 150 ìrìn, àti èmi tí mo ti fẹ́ràn ẹ̀dínwó láti kékeré, mo gbà lójú ẹsẹ̀.

N kò ní í parọ́ mọ́ eré sísá o. Láàárọ̀ kùtù, kí àwọn ọkọ̀ akérò tó gba títì, kí èéfín jẹnẹrétọ̀ tó gba ojú ọ̀run, Ìbàdàn dùn ún sáré nínú rẹ̀. Atẹ́gùn tútù a máa fẹ́ síni lójú, ìrònú owó ilé àti owó ilé-ìwé ọmọ tí kì í jẹ́ kí n sùn lóru a sì rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí èmi yóò máa lọ. Àwọn onímọ̀ ní ọpọlọ àti ara a máa tú àwọn èròjà kan sílẹ̀ tí ó ń mú inú ẹni dùn bí a bá sáré pẹ́ díẹ̀, ìyàwó mi sì lè jẹ́rìí sí i, nítorí pé lọ́jọ́ tí mo bá ti sáré, n kì í pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni nílé nítorí ẹran tó dínkù nínú ìkòkò.

Bàtà ni ó kó bá mi. Inú òkìrìkà ni mo ti rà á, aláwọ̀ ewé tí ń tàn yanran, tí orúkọ ńlá wà lára rẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún mi fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ọ̀run, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ó sáré títí, ọmọ yín náà á jogún ẹ̀.” Ohun tí kò sọ ni pé bàtà eré tí ó bá ti pẹ́ nínú ìpamọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ a máa gbẹ, bó ti wù kí ojú rẹ̀ máa dán tó, àti pé òun ti fi gọ́ọ̀mù tiẹ̀ rán ti àtijọ́ lọ́wọ́.

Ètò mi ní Sátidé náà ni pé kí n sáré láti Gate lọ sí Beere, kí n gun òkè lọ bá gbọ̀ngàn Màpó, ilé olópòó gàǹgà tí wọ́n ṣí ní 1929, kí n ya fọ́tò níbẹ̀, kí n fi ránṣẹ́ sí Alága kí ó lè gbà pé mo di ọkùnrin. N kò tíì dé Beere tí àtẹ́lẹ̀ bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún fi ṣí láti imú dé ìdajì, tí ó lanu sílẹ̀ bí ọ̀nì. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ sókè, yóò wọ́ sílẹ̀. Bí mo bá gbé e kalẹ̀, yóò na títì: pàá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Pàá! Ó ti lọ lu ara ilé onípáànù òdì-kejì, ó ti padà wá bá mi. Pàá! Mo ti gbọ́ ìlù bàtá, mo ti gbọ́ ìbọn ọdẹ, mo ti gbọ́ ìgbà tí táyà tírélà bẹ́, n kò gbọ́ bàtà tí ń dún báyìí rí láyé mi. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá bọ́ ọ dànù. Abebe Bikila, ará Ethiopia, kò wọ bàtà kankan tí ó fi gba wúrà eré ìje kìlómítà 42 ní Òlíńpíìkì Róòmù ní 1960. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó fọ́ ìgò sí ojú ọ̀nà Bikila, kò sì ná owó lórí bàtà tí kò tíì jẹ̀gbádùn rẹ̀ tán bíi tèmi. Kàkà kí n bọ́ bàtà, wáyà orin ni mo kì bọ etí méjèèjì kí n má bàa máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Àsìkò ọdún egúngún ni a wà. Ẹni tí ó bá mọ Ìbàdàn yóò mọ Olóòlù, eégún Òde Ajé tí obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn, tí obìnrin fi máa ń sá wọlé tilẹ̀kùn bí wọ́n bá ti gbúròó rẹ̀. Ẹ wá wò ó: ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, ìyá alákàrà kan tẹ̀ mọ́ ìdí agbada epo, ó gbọ́ pàá! pàá! pàá! láti inú òkùnkùn, kò sì sí ohun tí ó dà bí ìró pàṣán tó bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí géńdé ọkùnrin kan tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ lára, tí ń mí hẹ̀ẹ̀-hẹ̀ẹ̀, tí ó dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò? Ó figbe ta, “Olóòlù o!”, ó sọ ṣíbí nù, ó gbá ìró mọ́ra, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tẹ̀lé e. Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n tò sídìí ẹ̀rọ omi fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀, wọ́n tẹ̀lé ìyá ẹlẹ́kọ.

Onílàákàyè yóò dúró béèrè. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà ni wọ́n bí mi sí, níbi tí a ti máa ń kọ́kọ́ sá ná kí a tó mọ ohun tí à ń sá fún, orin sì wà létí mi, n kò gbọ́ igbe Olóòlù kankan. Èrò tí ń sá nìkan ni mo rí. Mo ní háà, nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn mi! N kò wẹ̀yìn, mo fi eré sí i. Bí mo ti ń sáré sí i ni bàtà ń ṣán títì sí i, bí bàtà ti ń ṣán títì sí i ni àwọn obìnrin ń sá sí i, bí wọ́n ti ń sá sí i ni ọkàn tèmi ń já. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá ń lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Wọn kò sọ orúkọ tí a ó pe ẹni tí ó jẹ́ pé òun ni ejò, tí ó sì tún ń sá fún ejò. Ibi tí mo ti gbà pé ayé ti bàjẹ́ pátápátá ni ìgbà tí bàbá ọlọ́dẹ àdúgbò, tòun ti ẹ̀wù tí oògùn kún bámúbámú, gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá fìrì láti ẹ̀yìn, tí ṣakabùlà kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Olóòlù kì í ṣe èèwọ̀ ọkùnrin o. Bàbá náà ṣáà ń lọ.

Ní gbogbo àsìkò yìí, áàpù inú fóònù mi ń ka ìsáré mi. Nígbà tí Eliud Kipchoge, ará Kenya, parí kìlómítà 42.195 ní wákàtí 1, ìṣẹ́jú 59 àti ìṣẹ́jú àáyá 40 ní Vienna ní 2019, àwọn sárésáré ni wọ́n fi ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n ń pààrọ̀ ara wọn láti máa gba atẹ́gùn fún un, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n kà á mọ́ àkọsílẹ̀ eré tó yá jù lọ lágbàáyé. Èmi náà ní tèmi: alákàrà ni ó ń fà mí, ẹlẹ́kọ ń gba atẹ́gùn fún mi, ọlọ́dẹ ń pààrọ̀ wọn. Bí wọn kò bá fẹ́ ka tèmi náà, kò burú.

Kòtò kan ni ó bá wa parí rẹ̀. Ẹnu bàtà há sí i, mo fi orúnkún gbálẹ̀, wáyà orin já bọ́ létí mi. Nígbà tí mo ṣubú ni pàá dákẹ́. Nígbà tí pàá dákẹ́ ni wọ́n wẹ̀yìn. Ìyá alákàrà ni ó kọ́kọ́ padà wá, ó dúró lé mi lórí, ó ń mí.

“Bọ̀dá, kí ló ń lé yín?”

“Mà, mo rò pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ni.”

Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọ bàtà náà, ó sì fi àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ na ògiri lẹ́ẹ̀kan péré: pàá! Gbogbo àdúgbò dákẹ́ lọ gbári. Lẹ́yìn náà ni ẹlẹ́kọ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ìyá alákàrà kò rẹ́rìn-ín. Ó mú mi padà lọ síbi agbada, níbi tí àkàrà ti di èédú, ó sì dárúkọ iye owó gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo sanwó tán tí mo fẹ́ máa lọ, ó ní òun kì í gba owó ọ̀fẹ́, kí n kó ọjà mi. Bàbá ọlọ́dẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé òun sá: ó ní ṣe ni òun lọ dènà níwájú.

Ẹ wá fi tèmi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ ti Alága. Láàárọ̀, kí n tó délé pẹ̀lú àkàrà jíjóná, ó ti rí ìsáré mi lórí áàpù, ó ti ya àwòrán rẹ̀, ó ti gbé e sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa pẹ̀lú àkọlé “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ mi!”, gbogbo ènìyàn sì ń kí i kú iṣẹ́ bí ẹni tí ó bí ọmọ tuntun. Kò sí ẹni tí ó béèrè èmi. Nírọ̀lẹ́, ó wá kí mi, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bàtà dá mi dúró, òun yóò yá mi ní tòun, èyí tí òun fi ń sáré láràárọ̀ láti ọdún tó kọjá. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i padà. Kò sí eruku kan lábẹ́ rẹ̀, bébà tí wọ́n fi kún imú rẹ̀ ní ilé ìtajà ṣì wà nínú rẹ̀. Mo bi í pé ẹsẹ̀ wo ni ó ń kì bọ̀ ọ́. Ó ní ṣé àkàrà yẹn kò kù ni.