Ṣé Batman máa kú ni?

Ọdún 2012 ni, ó ku díẹ̀ kí apá kẹta fíìmù Batman tí Christopher Nolan ń ṣe jáde. Mo lọ gẹrun ní Kútọ̀, iná lọ nígbà tí wọ́n gẹ ẹ̀gbẹ́ kan orí mi tán. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá tó ń gẹrun fún mi ní Batman máa kú, ó parí! Ṣebí ó ti ru ẹ̀ṣẹ̀ Harvey Dent, agbẹjọ́rò ìjọba yẹn, sórí ní apá kejì, ibo ló kù tó fẹ́ gbà? Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ní irọ́ ni. Ó ní nínú ìwé àwòrán tó jáde ní 1993, Bane, ọ̀tá Batman, ṣẹ́ ẹ lẹ́yìn (ó gbé kóòmù lé orúnkún, ó ṣe bí ẹni fẹ́ ṣẹ́ ẹ), àmọ́ kò kú. Ẹlòmíì ló bá a wọ ìbòjú ẹ̀ títí ara ẹ̀ fi yá.

Màmá kan tó mú ọmọ wá sáré bi wá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?"

Èmi ní Nolan ò ní jẹ́ kó yé wa bọ̀rọ̀. Ẹni tó fi òkòtó tó ń yí parí Inception, fíìmù ọdún 2010, tí a ò mọ̀ bóyá àlá ni! Ó máa dà bíi pé ó kú ni, kò ní kú. Bọ̀ọ̀dá ní tí kò bá kú, òun á gẹrun fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé Kérésì.

Fíìmù jáde lóṣù keje. Bruce Wayne, ìyẹn Batman fúnra ẹ̀, jókòó jẹ́jẹ́ ní Florence, Alfred ìránṣẹ́ ẹ̀ rí i. Mo sáré padà lọ gba ẹ̀tọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá ní àlá ni Alfred ń lá, kí n sanwó òun.