Ìsánlú, Winnipeg, àti olùkọ́ tí kò mọ orúkọ mi

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Winnipeg níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá kan tó jókòó tì wá bi mí pé, "Bọ̀dá, ará ibo ni yín gan-an?" Mo ní ará Kogi ni mí, mà. Wọ́n ní, "Háà! Ìgbìrà ni yín nìyẹn. Ẹ mà gbọ́ Yorùbá o! Ta ló kọ́ yín?"

Ó ti mọ́ mi lára. Okun là ń pe àwa Yorùbá tó wà ní Kogi. Ọmọ Okun tí wọn kò bá tíì sọ irú rẹ̀ fún, kò tíì jáde nílé ni. Mo ti ń múra láti to Kábà, Yàgbà àti Ìjùmú sílẹ̀ fún wọn bí mo ṣe máa ń ṣe, àfi bí ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ṣe yọ puff-puff kúrò lẹ́nu, tó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún màmá náà pé àwa kì í ṣe Yorùbá, ará Kogi ni wá, ìdí nìyẹn tí kò fi pọn dandan fún òun láti sọ èdè náà. Òróró ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣàlàyé. Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo tiẹ̀ rín in ju gbogbo wọn lọ, débi pé ìyàwó mi yíjú wò mí.

Ẹ ò rí i pé ọmọ náà ní làákàyè? Ó ti pẹ́ tó ti ń wá bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé. Àwọn àgbà ló wá fọwọ́ ara wọn kọ ìwé ìdásílẹ̀ fún un.

Ẹ̀bi ọmọ kọ́, ẹ jẹ́ ká sọ tòótọ́. Nígbà tí a ṣì wà ní Kwárà, ó ṣì fara rọ díẹ̀, àwọn ará Ìlọrin ń bá wa pín nínú ẹ̀gàn náà. Ní 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, wọ́n yọ wá níbẹ̀, wọ́n kó àwa, Ìgbìrà àti Ígálà sínú ìpínlẹ̀ kan. Látìgbà náà, tí a bá dé Ìbàdàn, a di ará Òkè Ọya. Tí a bá dé Àbújá, a di Yorùbá. Tí nǹkan ìjọba bá wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pín, a kì í jẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ìlú tí mò ń gbé yìí, odò méjì ló pàdé láàárín rẹ̀, Red àti Assiniboine. Èmi tí mo ti wo ibi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, mo ní kí n lọ wo tiwọn. Oṣù Kìíní ni. Tiwa, èèyàn ń rí ẹja rà létí ẹ̀. Tiwọn ti dì gbagidi, àwọn èèyàn wọ bàtà onírin, wọ́n ń sáré lórí ẹ̀, obìnrin kan ń ti ọmọ ọwọ́ nínú kẹ̀kẹ́ lórí omi! Mo pe ìyá mi ní Ẹ̀gbẹ̀, ìlú wa ní Yàgbà, mo ní, "Màmá, orí odò ni mo ti ń rìn báyìí o." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Pétérù náà gbìyànjú ẹ̀. Rántí ibi tó já sí."

Bí ẹ bá wò ó dáadáa, Ẹ̀gbẹ̀ àti Kánádà kò jẹ ara wọn ní gbèsè mọ́. Láti Kánádà ni Titcombe, òyìnbó ajíhìnrere, ti gbéra wá bá wa pẹ̀lú Bíbélì ní 1908, nígbà tó sì di 1951 a fi orúkọ rẹ̀ sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Àwa náà wá ń rọ́ wá síbí báyìí, à ń tọ́jú àwọn arúgbó wọn. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, iṣẹ́ òru, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà. Bí mo bá ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn ní aago mẹ́ta òru, mo máa ń sọ fún ara mi pé owó ilé-ìwé Titcombe tó kù ni mò ń san.

Ti oúnjẹ nìkan ni n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ Yàgbà tó ń fi omi gbígbóná po ìyẹ̀fun nínú ìkòkò, tó ń pè é ní iyán. Ká fi síbẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn, oorun kò kùn mí. Kì í ṣe torí ẹ̀rín tábìlì. Ẹnì kan ló ń wá sí mi lọ́kàn, ẹni tí ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ puff-puff yẹn di àpilẹ̀kọ kí ilẹ̀ tó mọ́. À bá kà á, à bá rẹ́rìn-ín, ìrọ̀lẹ́ ì bá lẹ́ kí a tó mọ̀ pé àwa gan-an ló ń bá wí.

Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni wọ́n ní Yunifásítì Carleton ní Ottawa, àwọn ni olùdarí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa Áfíríkà níbẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà ní 2010. N kò pàdé wọn rí. N kò jẹun nílé wọn, n kò gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù. Orí Facebook ni mo ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn wọn, èyí tí kì í sọ̀rọ̀, tó ń kà, tó tún ń padà kà. Mo máa ń da ọ̀rọ̀ wọn kọ sínú ìwé ní ìlà-ìlà, kí n lè rí ibi tí àwàdà ti di ọ̀bẹ. Ìyá wọn ní Ìsánlú ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, tàbí ìwà olóṣèlú kan. Bí o bá fi máa rẹ́rìn-ín tán, ọ̀rọ̀ ìlú ti délẹ̀, o kò sì mọ ẹnu ọ̀nà tó gbà wọlé.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé wọn kì í bẹ ẹnikẹ́ni nítorí Ìsánlú. Wọ́n á gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris àti Ottawa, ó di ọwọ́ ẹ láti lọ wá a. Èmi nígbà náà, Èkó ni mò ń kọ. Èkó tí mo gba inú ẹ̀ kọjá lọ sí pápákọ̀ òfúrufú! Àwọn olóòtú ń fẹ́ dáńfó àti Òṣòdì, mo ń tà á fún wọn.

Ní oṣù Keje ọdún 2018, ìjàǹbá mọ́tò ṣẹlẹ̀ sí wọn ní Nàìjíríà. Ó le, ṣùgbọ́n Ọlọ́run yọ wọ́n. A dúpẹ́. Ẹni tó bá ti fojú ọ̀nà ilé wa rí ikú, tó sì yè é, a máa ń rò pé ó ti san tirẹ̀.

Òru Sátidé mọ́jú Sọ́ńdè, 10 oṣù Kẹta ọdún 2019, ni wọ́n sún aago síwájú ní Kánádà. Àwa tí à ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ràn òru yẹn, nítorí wákàtí kan ń sọnù nínú ìyà wa. Ọkọ̀ òfúrufú ET302 gbéra ní Addis Ababa ní aago 8:38 àárọ̀ tiwọn, ó ń lọ sí Nairobi, níbi tí Prof ti fẹ́ bá Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ṣe ìpàdé. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré, ó já lulẹ̀ lẹ́bàá Bishoftu. Èèyàn 157 ló wà nínú ẹ̀, kò sí ẹyọ kan tó yè. Ní Winnipeg, aago méjìlá òru kò tíì lù, Sátidé la ṣì wà. Mo ti jókòó ṣírò ẹ̀ lẹ́yìn náà: mo wà lẹ́nu iṣẹ́, àsìkò yẹn la máa ń yí bàbá kan padà lórí ibùsùn, kí ẹ̀yìn wọn má baà bó. Ọwọ́ mi kan wà lábẹ́ èjìká wọn, ọ̀kan lábẹ́ ìbàdí. N kò mọ nǹkan kan.

Nínú bọ́ọ̀sì, láàárọ̀, ni mo ṣí fóònù. Ohun tí wọ́n kọ kẹ́yìn ṣì wà lójú ewé wọn: Sáàmù 139, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ìyẹ́ apá òwúrọ̀ àti òpin òkun. Mo kọjá ibi tó yẹ kí n ti sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ọdún 47 ni Prof.

Ọkọ̀ náà, 737 MAX, tuntun ni. Nígbà tí àwọn olùwádìí ṣàlàyé ẹ̀, bó ṣe yé mi ni pé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo bí imú ọkọ̀ ṣe gbé sókè tó ló parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́, ó wá ń tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀, bí àwọn awakọ̀ ṣe ń fà á sókè. Irú ọkọ̀ kan náà ti já sínú òkun ní Indonesia ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, èèyàn 189 ló bá a lọ. Wọn kò dá a dúró. Ìgbà tí 157 kún 189 ni gbogbo ayé wá ní kó lọ jókòó sílẹ̀.

Àwọn mọ̀lẹ́bí tó lọ síbẹ̀, erùpẹ̀ ni wọ́n dì fún wọn, erùpẹ̀ ibi tí ọkọ̀ jóná sí, kílò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ ohun tí òkú jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ mọ aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n ń kọ́ síta ní Bùnú bí èèyàn pàtàkì bá lọ, kí ẹni tó ń kọjá lọ́nà mọ̀ pé kì í ṣe ọmọdé ló kú. Kílò kan. Mo kà á dé ibẹ̀, mo pa kọ̀ǹpútà dé.

Oṣù náà kò tíì parí tí mo fi kọ ohun tí kì í ṣe Èkó. Ẹ̀yìn bébà tí a ti kọ ìfúnpá àwọn arúgbó sí, tí wọ́n ti fẹ́ dànù, ni mo kọ ọ́ sí. Kọfí bàbá mi ni mo kọ. Bàbá gbin kọfí, a ń ká a, a ń sá a sórí àpáta, èmi ni mo ń lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé wa tó mu kọfí rí. Bournvita là ń mu. Mo fi ránṣẹ́ sí olóòtú kan, ó ní ibo ni Ẹ̀gbẹ̀ wà, kí n fi àlàyé sí i. N kò fi àlàyé sí i. Kò gbé e jáde. Mo gbé e síbí, ẹ̀yin kà á, ẹnì kan láti Mọ̀pà tiẹ̀ bú mi pé kọfí tiwọn dára ju tiwa lọ.

Ẹ má rò pé mò ń pe ara mi ní àrólé wọn o. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn wà ní Ottawa, àwọn tí wọ́n jọ jẹ jọ mu wà káàkiri. Tèmi kéré sí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà láyé, ọkàn mi balẹ̀ pé ẹnì kan ń bá wa kọ ilẹ̀ Okun, ó sì ń kọ ọ́ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ, kí èmi máa wá owó Èkó mi jẹ. Ikú wọn ló ba ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn jẹ́. Kò sí ẹni tí mo tún lè fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ní kọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ náà sì ń pọ̀ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé mọ bí ọ̀nà Kábà sí Ìsánlú ṣe dà, ẹ mọ àdúrà tí ẹ ń gbà kí ẹ tó wọ mọ́tò. Ẹ mọ àwọn tó fi iṣu sílẹ̀ nínú ebè nítorí ajínigbé. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, bí ìròyìn ẹ̀ bá tiẹ̀ jáde rárá, "abúlé kan ní Kogi" ni wọ́n máa ń kọ. Abúlé kan! Ó ní orúkọ. Ó ní ọba, ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ọjọ́ ọjà. Inú máa ń bí mi débi pé ọwọ́ mi á máa gbọ̀n. Irú ìbínú tí Prof ì bá ti fi ẹ̀fẹ̀ bò, n kò tíì mọ̀ ọ́n bò.

Ọmọ mi ńkọ́? N kò bá a jà. Mo sọ fún un pé ìwé ìdásílẹ̀ ẹ̀ kò bófin mu, ó ní kí n mú ẹ̀rí wá. Mo ní ó dáa. Mo pe Màmá lórí WhatsApp, mo gbé fóònù ka iwájú ẹ̀, mo ní kí wọ́n sọ bí àwọn ṣe ń fẹsẹ̀ rìn láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ nájà Ìsánlú nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n sọ ọ́ ní Yàgbà ponbele. Ọmọ kò gbọ́ ju ìdajì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi tí ejò wọ inú agbọ̀n, ó ní kí n túmọ̀ ẹ̀ kíákíá. Mo ní n kò túmọ̀, kó bi ìyá àgbà. Ó bi wọ́n. Ó fi Yorùbá bi wọ́n, èyí tó wọ́, tó tún dún bíi Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ Màmá gbọ́ ọ.

Ìtàn náà ni mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí, mo sì fẹ́ kó gùn. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Màmá ti rí i pé ọjà ni. Nígbà tí mo padà pè wọ́n fún èyí tó kù, wọ́n ní ìtàn kò ṣeé sọ lórí òfìfo inú, kí n kọ́kọ́ fi nǹkan ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kò tíì wọlé. Mo ní, "Màmá, ó ti wọlé o, alẹ́ọ̀tì ti dé ọ̀dọ̀ mi níbí." Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kí alẹ́ọ̀tì náà máa sọ ìtàn fún mi.